Ẹ Má Dí I Mọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Bíréèkì Afẹ́fẹ́ Àwọn Ọkọ̀ Àgbà Wa

Olùkọ́ ni mí, mi ò kì í ṣe mékáníìkì. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́, nítorí náà bí orúkọ irin kan bá jáde lẹ́nu mi bí àwọn ará Faransé ṣe ń pè é, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà nínú mi láti ọdún méjì sẹ́yìn. Àwọn àlejò kan ló jẹ́ kí n rí ẹnu sọ ọ́.

Lóṣù tó kọjá, tọkọtaya kan láti Jámánì dé sí ìlú wa. Àgbàlagbà ni àwọn méjèèjì, wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé: ọkọ̀ ẹrù Mercedes àtijọ́ tí wọ́n kọ́ yàrá, ibùsùn àti ibi ìdáná sí lẹ́yìn. Camping-car ni à ń pè é níbí, ẹ jẹ́ kí n pè é ní ọkọ̀-ilé. Ọkọ̀ náà dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ ilé-ìwé wa lọ. Parakú ni wọ́n ti ń bọ̀, Kútọnù ni wọ́n ń lọ. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ Ṣábẹ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ "ṣííí" lábẹ́ ọkọ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì. Afẹ́fẹ́ ló ń jò.

Wọ́n yà sọ́dọ̀ ọ̀gá mékáníìkì kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ilé-ìwé mi. Ó ránṣẹ́ pè mí kí n wá bá wọn túmọ̀ ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti wọ abẹ́ ọkọ̀ jáde, ó ń nu ọwọ́.

"Mẹ̀tírì, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ìkòkò bíréèkì ẹ̀yìn lápá òsì ló ya. Irú rẹ̀ ò sí mọ́, wọn ò ṣe é mọ́. Kí wọ́n jẹ́ kí n dí i fún wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, wọ́n á máa lọ."

Mo sọ ọ́ fún wọn. Ìyá náà wo ojú ọkọ rẹ̀, bàbá náà mi orí. Wọ́n ní àwọn ó dúró. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi dúró nínú ọgbà ṣọ́ọ̀bù yẹn, lábẹ́ igi máńgòrò.

Àwa tí a wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òyìnbó ló lè fi ọjọ́ mọ́kànlá ṣòfò nítorí rọ́bà kan. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé ni ẹ̀rín náà kú lẹ́nu mi.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, a kó àwọn ọmọ ilé-ìwé wa lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Glazoué. Bọ́ọ̀sì ńlá àtijọ́ kan la háyà. Kí a tó gbéra, mo gbọ́ tí awakọ̀ ń sọ fún ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ pé, "Èyí tá a dí lápá ọ̀tún yẹn, tówó bá dé a máa tún un ṣe." Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mi ò bèèrè ohun tí wọ́n dí. Mo ka orí àwọn ọmọ, wọ́n pé, mo ní kí wọ́n wọlé. Nígbà tí à ń padà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí ọ̀nà ti ń lọ sí ìsàlẹ̀ lápá odò Wẹ̀mẹ̀, màlúù kan já sójú títì. Awakọ̀ tẹ bíréèkì, bọ́ọ̀sì sì fà sí òsì bí ẹni pé ẹnì kan já ọwọ́ ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. A wọ inú oko kajú kan, igi ló dá wa dúró. Apá ọmọ kan kán. Ọmọbìnrin kan fi ojú gbá irin ìjókòó, àpá rẹ̀ wà lójú rẹ̀ títí dòní. Kò sẹ́ni tó kú. Gbogbo ìlú ní Ọlọ́run ló yọ wá, mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n bí ìyá ọmọbìnrin náà bá kí mi lọ́jà, mi ò kì í lè wo ojú rẹ̀ pẹ́, nítorí mi ò tíì sọ fún un pé mo gbọ́ ọ̀rọ̀ awakọ̀ kí a tó kúrò nílé. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ka èyí fún un. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí "dí i" túmọ̀ sí, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ń wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́ láì mọ̀ ọ́n. Bíréèkì ọkọ̀ kékeré, ọ́ìlì ló ń ti í. Ti ọkọ̀ ńlá, afẹ́fẹ́ ni. Ẹ̀rọ kan tí ẹ́ńjìnnì ń yí máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sínú táńkì títí yóò fi tó bar 7 tàbí 8. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, fáàfù kan á ṣí, afẹ́fẹ́ á gba inú páìpù lọ sí ẹsẹ̀ táyà kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ni agolo irin kan wà tí àwọn mékáníìkì wa níbí ń pè ní vase. Ìkòkò ni vase lédè Faransé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ìkòkò bíréèkì. Awọ rọ́bà kan tẹ́ sínú ìkòkò náà. Afẹ́fẹ́ á ti awọ, awọ á ti ọ̀pá irin, ọ̀pá irin á sì mú kí bíréèkì fún dúrọ́ọ̀mù táyà mọ́.

Bí awọ rọ́bà yẹn bá ya, afẹ́fẹ́ á máa jò níbẹ̀. Bí ó bá ń jò níbì kan, kò ní tó fún àwọn ìyókù. Nígbà náà ni mékáníìkì á ká páìpù tó lọ sí ìkòkò náà, á so ó ní wáyà, tàbí kí ó fi bóòtù dí ẹnu rẹ̀. Afẹ́fẹ́ dáwọ́ jíjò dúró. Ọwọ́ géèjì gòkè padà. Awakọ̀ rò pé ọkọ̀ ti dára. Àmọ́ ẹsẹ̀ kan kò ní bíréèkì mọ́, àwọn tó kù ló ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ọkọ̀ tó rù iṣu, kajú tàbí símẹ́ńtì bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, dúrọ́ọ̀mù àwọn tó kù á gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n sì ṣe ń gbóná sí i ni agbára wọn láti dá ọkọ̀ dúró ń dín kù. Bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ lójijì ńkọ́? Ẹ béèrè lọ́wọ́ igi kajú wa.

Ọ̀nà wa kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn lè fi irú èyí ṣeré. Ọ̀nà Kútọnù sí Malanville ló la Ṣábẹ kọjá. Láti ìgbà tí reluwé ti dákẹ́, ọkọ̀ ẹrù ló ń kó ọ̀pọ̀ ohun tó ń lọ sí àríwá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti jẹ́ àgbà kí wọ́n tó bọ́ sílẹ̀ lórí ọkọ̀ ojú omi ní Kútọnù.

"Irú rẹ̀ ò sí mọ́." Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ bá jà. Mi ò sọ pé irọ́ ni. Ọ̀gá mékáníìkì wa mọ ohun tó ń sọ: ilé iṣẹ́ tó ṣe ìkòkò yẹn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Àwọn ọkọ̀ tí a dàgbà bá, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wọn ti kú tàbí kí wọ́n ti pa orúkọ dà. Berliet tí àwọn bàbá wa wà ní Dahomey, Renault ló gbé e mì, wọ́n sì pa orúkọ náà rẹ́ ní 1980. Leyland tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Ìbàdàn, ta ló tún ń rí i? Ẹni tó bá ní kí wọ́n fún òun ní ìkòkò bíréèkì Berliet lọ́jà, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí i. Orúkọ ló ń wá, orúkọ náà ti kú.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ò mọ orúkọ. Ìwọ̀n ló mọ̀. Ohun tí mo rí lọ́dọ̀ àwọn àlejò yẹn nìyí. Ní ọjọ́ kejì, ìyá náà mú irin ìwọ̀n jáde, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀gá mékáníìkì. Wọ́n wọn ìbú awọ rọ́bà. Wọ́n wọn àyè tó wà láàárín bóòtù méjì tó gbé ìkòkò náà dúró. Wọ́n wọn bí ọ̀pá irin ṣe gùn tó àti bí ó ṣe ń jáde tó nígbà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì. Wọ́n wo tẹ́ẹ̀dì ẹnu ibi tí páìpù ń wọ̀ ọ́, nítorí tẹ́ẹ̀dì mìlímítà tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ Jámánì kì í wọ tẹ́ẹ̀dì ínǹṣì tó wà lára ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ẹni tó bá fi ipá lọ̀ ọ́ wọlé, á jò lọ́la. Èmi ni mo ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ sínú ìwé àjákọ ọmọ ilé-ìwé. Ojú ewé kan ṣoṣo ló gbà.

Ó tún hàn sí mi pé ìkòkò bíréèkì ní orúkọ tí kò sí nínú èdè Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ńbà ni. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ní ìkòkò 24 tàbí ìkòkò 30, nọ́ńbà yẹn ni iye ínǹṣì onígun mẹ́rin tí ojú awọ rẹ̀ fẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ bar 7, ìkòkò 24 á ti ọ̀pá irin rẹ̀ pẹ̀lú agbára tó tó bíi kìlógíráàmù 1,100. Ìkòkò 30 á ti í pẹ̀lú bíi 1,380. Nítorí náà, mékáníìkì tó bá fi 30 sápá kan, tó fi 24 sílẹ̀ lápá kejì nítorí pé èyí ló rí, ó ti fi ìdá mẹ́rin agbára kún apá kan ju èkejì lọ. Ọkọ̀ á máa fà sí ibi tí agbára wà. Awakọ̀ á ní ọ̀nà ni kò dára.

Bákan náà ni ti fáàfù. Lára fáàfù bíréèkì afẹ́fẹ́, nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan. Ihò 1 ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ihò 2 ló ń gbà jáde lọ ṣiṣẹ́, ihò 3 ni ibi tó ti ń tú síta, ihò 4 ni ibi tí àṣẹ ti ń wá. Bí ẹ bá rí 21 àti 22, ọ̀nà méjì ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde nìyẹn. Knorr-Bremse ti Jámánì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, WABCO náà ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbó gan-an lè má ní i lára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ iṣẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan lè fi fáàfù tuntun ilé iṣẹ́ kan rọ́pò èyí tí ilé iṣẹ́ mìíràn kò ṣe mọ́, bí iṣẹ́ wọn àti agbára afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń gbà bá dọ́gba. Ọmọ iṣẹ́ tí kò kọjá kíláàsì kẹta lè ka 1, 2, 3, 4. Kí ló dé tí a ò kọ́ wọn?

Ẹ padà bá mi sí abẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀gá mékáníìkì wa fi nọ́ńbà inú ìwé àjákọ yẹn ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó wà ní Ìbàdàn báyìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ sí ọjà Aràrọ̀mí ní Gate, kò dárúkọ Mercedes rárá, ìwọ̀n ló ń fi hàn wọ́n. Lọ́jọ́ kẹrin, ó rí ìkòkò tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe, tuntun nínú páálí, ìwọ̀n rẹ̀ bá a mu. Àwọn àlejò náà ní kí ó ra méjì, nítorí ẹsẹ̀ méjèèjì tó wà lórí ọ̀pá kan náà ni wọ́n máa ń pààrọ̀ pọ̀. Ẹrù náà lọ sí Èkó, ó gba Sèmè wọlé, ó dé Kútọnù, bọ́ọ̀sì gbé e wá sí Ṣábẹ. Ẹ wò ó, odò Okpara àti ilẹ̀ Nàìjíríà wà lẹ́yìnkùlé wa níbí, ṣùgbọ́n ìkòkò kékeré kan ní láti lọ fojú kan òkun kí ó tó padà wá bá wa. Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Iye owó rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Ìkòkò méjèèjì pọ̀ kò tó owó táyà ọkọ̀ ńlá tuntun kan. Awọ rọ́bà nìkan, nígbà tí èèyàn bá rí ìwọ̀n tó bá a mu, kò tó ohun tí awakọ̀ ń ná sórí oúnjẹ láti Kútọnù dé Malanville. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ ká máa pa á pọ̀ pé òṣì ló fà á. Òṣì wà, mo mọ̀ ọ́n, owó oṣù olùkọ́ ni mò ń gbà. Ohun tó ń náni lówó ni ọjọ́ mọ́kànlá yẹn. Olówó ọkọ̀ kò fẹ́ kí ọkọ̀ dúró, awakọ̀ ní iye tó gbọ́dọ̀ mú wálé, oníṣòwò ti fi tòmátò sí i lẹ́yìn. Bí mékáníìkì bá ní kí wọ́n dúró, wọ́n á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tó máa dí i ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀gá wa sọ ọ́ fún mi gbangba: "Mẹ̀tírì, tí mi ò bá dí i, ẹnìkejì mi á dí i, á sì gba owó." Mi ò rí èsì fún un. Àwa tí à ń wọ ọkọ̀ náà ló yẹ kó fún un lésì, nítorí àwa náà la máa ń pariwo "Ẹ jẹ́ ká máa lọ!" nígbà tí awakọ̀ bá yà sọ́dọ̀ mékáníìkì.

Àwọn kan máa ní kí ìjọba kúkú lé gbogbo ọkọ̀ àgbà kúrò lójú ọ̀nà. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Ọkọ̀-ilé àwọn àlejò yẹn dàgbà ju bọ́ọ̀sì tó gbé wa wọ oko kajú lọ, síbẹ̀ mo lè fi ọmọ mi sí i dé Kútọnù. Ọkọ̀ tuntun náà lè bàjẹ́ bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn ìfipágbàjọba Niger ní oṣù keje 2023, nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrù ló tò sí Malanville fún ìgbà pípẹ́. Bí ọkọ̀ bá dúró bẹ́ẹ̀, omi tó wà nínú táńkì afẹ́fẹ́ á máa jẹ irin, rọ́bà á gan, á sì là. Nítorí náà, ọjọ́ orí ọkọ̀ nìkan kọ́. Omi inú táńkì yẹn gan-an, ìdè kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ṣí kí ó lè dà nù. Mélòó nínú àwọn awakọ̀ wa ló ń ṣí i ní àràárọ̀?

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ìkìlọ̀ kan lé lọ́wọ́, nítorí èyí lè pa èèyàn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìkòkò oníbejì ló wà. Nínú èkejì rẹ̀, sípíríǹgì ńlá kan wà tí wọ́n fún pọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń fà á sẹ́yìn. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, sípíríǹgì á mú bíréèkì fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní 1869 ni George Westinghouse ti Amẹ́ríkà gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí bíréèkì afẹ́fẹ́ ti reluwé, ó sì tún un ṣe ní 1872 débi pé bí páìpù bá já, ọkọ̀ á dúró dípò kí ó sá lọ. Àwa wá ń fi bóòtù gígùn fa sípíríǹgì yẹn sẹ́yìn, kí ọkọ̀ tí kò ní afẹ́fẹ́ lè máa sáré lọ! Bóòtù yẹn wà fún kí wọ́n lè wọ́ ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kò wà fún ìrìn àjò. Ẹ má sì ṣí ìkòkò sípíríǹgì láì kọ́kọ́ fi bóòtù yẹn dè é. Bí ó bá fò jáde, kò sí ohun tí orí èèyàn lè ṣe fún un. Bí ìdajì yẹn bá bàjẹ́, odindi ni kí ẹ pààrọ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ọ̀gá mékáníìkì wa àti èmi ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kan. Ọkọ̀ àgbà kọ̀ọ̀kan tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a ń kọ ìwọ̀n ìkòkò rẹ̀, tẹ́ẹ̀dì rẹ̀, àti ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀ tó sì wọ̀ ọ́. Mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Yorùbá la fi kọ ọ́, kí ọmọ iṣẹ́ tó wá láti Kétu àti èyí tó wà ní Ṣakí lè kà á. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Gate, ní Ládìípọ̀, ní Kútọnù, bí ẹ bá ti rí irin kan tó rọ́pò èyí tí kò sí mọ́, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbí. Ẹ má kọ "ó wọ̀ ọ́" nìkan.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, a tún ń kó àwọn ọmọ lọ sí Tchaourou. Mo ti sọ fún awakọ̀ kí ó dé ní wákàtí kan ṣáájú. Ó máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kún táńkì, á pa ẹ́ńjìnnì, á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, èmi á sì máa wo ọwọ́ géèjì. Lẹ́yìn náà mo máa gbé ike omi ọṣẹ, màá wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀gá mékáníìkì, a ó fi pa ẹnu páìpù gbogbo wò bóyá ó ń hó. A ó ka ìkòkò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe ń ka orí àwọn ọmọ. Awakọ̀ náà ti ń kùn pé mi ò fọkàn tán òun.